Ìbejì Tí Wọ́n Nù Kúrò Nínú Àtẹ

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Josiane. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Kpingni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni pé kí ó gbé ọmọdé sórí òṣùwọ̀n fún ẹgbẹ́ aláàánú kan, kí ó sì kọ wọ́n sínú àtẹ Excel lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá rù máa ń gba àpò ìyẹ̀fun ògì kan.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìyẹ̀fun dé, àpò kan ṣoṣo ni wọ́n fún Diane, ìyá ìbejì. Ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ gbé e padà, Tàǹtí. Ta ni kí n fún, ta ni kí n fi dù?"

Josiane wo àtẹ. Ọmọ mọ́kànlá ti pòórá, ọ̀kan nínú ìbejì sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ó pe Fréjus, ọ̀gá wọn ní Kùtọnu, lórí fóònù.

"Tàǹtí, àwọn tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì ni mo ní kí kọ̀ǹpútà nù kúrò. Ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà."

"Orúkọ wọn ńkọ́?"

"N kò wo orúkọ. Ẹ máa ń ṣì í kọ."

"O ò wò ó! Ṣé wọn kì í bí ìbejì ní Kùtọnu ni? Dá wọn padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbí."

Josiane lọ jókòó síwájú táyà ọkọ̀ náà, nínú oòrùn. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Nígbà tó di aago mẹ́rin, àtẹ tuntun tí àwọn ọmọ mọ́kànlá náà wà nínú rẹ̀ dé. Diane gbé àpò méjì lọ sílé.

Fréjus kò tọrọ àforíjì. Tìbínú-tìbínú ni Josiane fi jẹ iṣu sísè àti ata lálẹ́.