Tábìlì Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọrùn dídùn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ẹ ní kó wá bi mí. Tèmi ò pa mí, ọmọ bàbá mi ló gbà lọ́wọ́ mi.

Télọ̀ ni mí ní Mushin, lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa rìn lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, òun náà ń ránṣọ, ní Ìpọ̀nrí. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúrú. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì bíi ti ọmọdé. Èmi ni wọ́n ń pè ní òpó iná. Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí òun fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti tábìlì tí káfíńtà kàn fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìrora wọ̀ mí lára. Àárín èjìká ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó gun ọrùn lọ, ó wá jókòó síbẹ̀ bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Ọrùn mi le débi pé alángbá gùn mí lọ́jọ́ kan, ó ń mi orí, ó rò pé ògiri ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi alángbá. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tí gbogbo ayé ń kọ́ apá ibi tí mọ́tò á ti yọ, gbogbo ara ni mò ń yí bíi lọ́rì. Awakọ̀ kan yọrí síta: "Bàbá, ṣé ẹ gbàgbé ọrùn sílé ni?" Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Mo fi òrí pa á títí. Mo lọ sí ọsibítù kan ní Yaba, wọ́n ya fọ́tò egungun mi. Dókítà gbé e síná.

"Egungun yín dára. Ṣé ẹ ń ru ẹrù ni?"

"Téèpù nìkan ni mò ń gbé kọ́rùn, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní oògùn funfun. Mo lò ó tán, ìgbọ̀nwọ́ ò kúrò.

Ìyá onílé mi ló wá jókòó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Télọ̀, ta ló fún ọ ní ẹ̀rọ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Ọmọ ìyá rẹ?"

"Ọmọ bàbá mi ni."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ọbàkan! Ó fún ọ níṣẹ́, ó di ẹrù lé e. Ṣé o ò rí i pé ibi tí èèyàn fi ń ru ẹrù gan-an ló ń dùn ọ́? Dá a padà, kí o wò ó."

Mo di ẹ̀rọ àti tábìlì rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó di Ìpọ̀nrí. Ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ gba ẹrù yín."

"Ṣé ó bàjẹ́ ni? Jẹ́ kí n bá ọ tún un ṣe."

"Èmi lẹ fẹ́ bà jẹ́! Ìyá yín ò rí ìyá mi gbé ṣe, ó wá kàn mí!"

Ó mú ṣọ́ọ̀kì dání, ó ń wò mí.

Mo ra ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó ní ẹsẹ̀ irin tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora kó jáde! Ọrùn mi ń yí bíi ti òwìwí. Ìyá onílé ní, "Ṣé mo sọ fún ọ?" Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Mo rò ó ká Mushin, mo sì fi iyọ̀ sí i: mo ní ẹ̀rọ yẹn máa ń pe orúkọ mi lọ́sàn-án gangan. Irọ́ mi dùn. Ó dùn dé Ìpọ̀nrí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọdún kẹrin ló kú. A ò kíra wa títí tó fi lọ. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó yọjú. Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo lé mi lórí.

"Ẹ̀rọ yín nìyẹn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tà á, pé ẹ máa padà wá gbé e." Ó na aṣọ ọmọ kan sí mi, apá rẹ̀ ti tú. "Ẹ bá mi kàn án."

Mo jókòó ti tábìlì náà, mo ń yí ẹ̀rọ. Mi ò tíì rán apá yẹn yípo tí ìgbọ̀nwọ́ fi padà sáàárín èjìká mi. Mo fẹ́ figbe ta. Ẹni tí à ń sọ ti wà nínú ilẹ̀! Mo wo ara mi: orúnkún mi ń kan pákó, àgbọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn. Ibi tí mo kàwé dé ò jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà orí téèpù. Láti ilẹ̀ dé orí pákó, ínṣì mẹ́rìnlélógún, ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi. Ti ẹ̀rọ mi ní Mushin, ọgbọ̀n ni ẹni tó tà á fún mi pè é. Gbogbo Mushin ni mo ti wọ̀n, àyà, ìdí, ọrùn ọwọ́. Mi ò wọn tábìlì tí mò ń jókòó tì rí.

"Kí lẹ ń wọ̀n?" ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Ẹnu mi, tó bá gbogbo Mushin sọ̀rọ̀, kò rí òótọ́ yẹn gbé jáde.

Mo ní, "Mò ń wò ó bóyá á gba ẹnu ọ̀nà kọjá."

Ó gbà mí gbọ́. Ó dìde, ó ń kó àga kúrò lọ́nà fún mi.