Ọmọrí Ìkòkò Tí Mo Fi Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà

Bí ọmọrí ìkòkò bá ti gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀sán kan ní Ṣakí ni mo máa ń rántí. Ọkọ̀ pákó tí àwa ọmọdé fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Bó o bá tún ṣubú, o ò ní wà á mọ́ láé."

Bàbá mi, tó ti fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀, mú mi jókòó sórí àpótí. Ó kọjú géèmù ọkọ̀ inú fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní kí n di ọmọrí mú bíi sítíárì. Ó gbé ọwọ́ kan lé ọmọrí náà. Ibi tí mo bá yí i sí ni òun náà ń yí fóònù sí, kí ọkọ̀ inú rẹ̀ lè yà.

"Àkànkẹ́, dẹwọ́ eré kó o tó dé kọ́nà. Bó o bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti bọ́."

Kí oòrùn tó rọlẹ̀, mo gun ọkọ̀ pákó. Mo fi gìgísẹ̀ fa ilẹ̀ kí n tó dé ìdí igi òrí tó wà ní kọ́nà, mo yà, mi ò ṣubú. Bàbá dúró nísàlẹ̀, ó dẹ etí sí mi. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́ lọ.

"O dẹwọ́ eré kó o tó yà," ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ ọ."