Ìrẹsì Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nítorí Wúùlù

Ọjọ́ mẹ́ta péré la fẹ́ lò ní Ìlọrin, èmi sì di ẹrù wúùlù tí ènìyàn lè fi oṣù mẹ́ta hun. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń hun nǹkan mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ̀rù máa ń bà wá kí òwú má tán mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Mo di súwẹ́tà ọmọ mi ọkùnrin tó ku apá kan, mo di ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tí mo ti pa tì láti ọdún tó kọjá, mo di òwú fìlà mẹ́ta tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ṣọ́ọ̀lù funfun tí mo hun fún ọmọ tuntun tí a ń lọ wò. Mo fi ọ̀rá wé e kí ó má baà dọ̀tí. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí ṣọ́ọ̀lù yẹn ju ọmọ tí a fẹ́ fi wé lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Adó-Èkìtì níbí. Àwọn Sista ìjọ Kátólíìkì ló kọ́ wa ní nǹkan híhun nílé ìwé, n kò sì fi sílẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, abẹ́rẹ́ gígùn mi méjèèjì á ti jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń hun súwẹ́tà fún àwọn ará Adó tí ooru ń pa kú lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró de ọyẹ́, wọn yóò wá bẹ̀ mí. Ẹnu mi kì í dákẹ́, inú mi sì tètè máa ń ru.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló bí ọmọ náà. Ọdún kẹrin nìyẹn tí òun àti ìyá rẹ̀ kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kátólíìkì ni ìdílé wa, òun wá lọ fẹ́ Mùsùlùmí ará Ìlọrin. Ìyá ọkọ mi kò yọjú síbi ìgbéyàwó. Ọmọ pe fóònù títí, ìyá kò gbé e. Òun náà bínú, kò pè mọ́. Ẹ mọ àwa ará Èkìtì: agídí méjì pàdé, ta ni yóò yà fún ta ni? Àfi ìgbà tí ọmọ tuntun dé.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Ará Ìgbẹmọ ni, ìrẹsì sì ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ níbẹ̀. Ó ní ìwà kan. Kò lè sọ "má bínú" fún ẹnikẹ́ni, bóyá ahọ́n rẹ̀ ni kò yí i ni o, èmi ò mọ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ ọ́ tí òun náà sì mọ̀, yóò bu ìrẹsì Ìgbẹmọ sínú atẹ, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ìrẹsì ilẹ̀ wa rí mọ̀ pé òkúta ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tí o bá jẹ ẹ́ tán tí eyín rẹ kò kan òkúta kankan, ìjà ti parí nìyẹn, kò sí àlàyé mìíràn. Ó ti sè é fún èmi náà rí, lọ́dún tó pè mí ní ọ̀lẹ lójú àwọn ẹbí mi. Mo jẹ ẹ́, mo sunkún. Nítorí náà, n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìnàjò yẹn, láràárọ̀ ni mò ń bá a nídìí atẹ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìka ló fi ń wá òkúta. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, nígbà tí ọkọ mi wà nílé ìwẹ̀, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó gbé àpò ìrẹsì kékeré kan lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni mo fún o, ìyàwó mi. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ mọ̀, yóò máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bá mi gbé e dé ulé ọmọ mi. Má sọ nǹkan kan, òun náà á mọ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọkọ mi jáde, ó ti ń kánjú. Ó fẹ́ ká tètè kọjá Ìfàkì àti Ọ̀tùn, nítorí ọ̀nà ò dáa mọ́ láyé ìsinsìnyí. Iṣu àti epo àti ẹrù àwọn ọmọ ti kún búùtù. Ó wo báàgì wúùlù mi, ó ní, "Ẹrù kan péré ló lè wọlé mọ́ o. Ìwọ pẹ̀lú òwú rẹ! Ṣé ìsọ̀ wúùlù lo fẹ́ lọ ṣí ní Ìlọrin ni?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Inú mi ru. Mo lè yọ òwú díẹ̀ sílẹ̀. Mo lè gbé àpò ìrẹsì náà lé itan, kò wúwo. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lé itan, n kò ní ráyè hun nǹkan lọ́nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ nínú mi pé, ta ni kò rí ìrẹsì rà ní Ìlọrin? Mo padà wọlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, mo ti àpò náà sẹ́yìn sílíńdà gáàsì ní kíṣìnì. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́ sí wa. Èmi náà juwọ́ sí i. Títí a fi dé Òmù-Àrán, n kò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, "ọkọ mi" ni mo máa ń pe àbúrò ọkọ mi yìí. Nígbà tí a dé Ìlọrin, ó jáde wá pàdé wa, ọmọ lẹ́jìká, ó kí wa tayọ̀tayọ̀, lẹ́yìn náà ó wá dúró sídìí búùtù. Bí a ṣe ń sọ ẹrù kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń bá a lọ. Mo mọ ohun tó ń wá. Mo sáré yọ ṣọ́ọ̀lù jáde. Àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ pariwo, wọ́n ní, "Haà, ọwọ́ yìí mà mọ iṣẹ́ o!" Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún nìyẹn, kò sì ṣe mí bí mo ṣe rò.

Ó pè mí sí yàrá.

"Ìyàwó wa, ṣé Màmá kò fi nǹkan kan rán yín sí mi?"

Kí n sọ pé mo gbàgbé rẹ̀ sílé, irọ́ kékeré nìyẹn ì bá jẹ́. Ńlá ló bọ́ lẹ́nu mi. "Ṣọ́ọ̀lù yẹn ni, ọkọ mi. Màmá ló ní kí n hun ún fún ọmọ."

"Kò fi ìrẹsì sí i?"

"Kò fi sí i."

Ó mi orí. Ó ká ṣọ́ọ̀lù náà sí mẹ́rin, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù mi dún, ìyá ọkọ mi ni. Mo sá bọ́ sẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó mi, ṣé ó ti sè é?"

"Ó ti sè é, Màmá."

"Ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́ tán."

"Kò kan òkúta níbẹ̀?"

"Kò kan ẹyọ kan."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gáàsì tán mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé sílíńdà jáde. Ìrẹsì náà wà lọ́wọ́ mi báyìí."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú iyanrìn tí mò ń bẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ó ń wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Kò bú mi. Ó ní, "Gbé fóònù fún ọmọ mi."

Mo gbé e wọlé, mo ní, "Màmá ni." Ohùn fóònù mi máa ń lọ sókè, kò sí ohun tí n kò gbọ́.

Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní, "Ọmọ mi." Ó wá ní, "Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Àbúrò ọkọ mi fi igbe ta. "Rárá o, Màmá! Ẹ má bẹ̀ mí. Ta ni mí tí ẹ ó fi máa bẹ̀ mí?" Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ, ó ń sunkún. Ìyá náà kò dákẹ́ ẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ti wá ọ̀nà tí yóò gbà bẹ ọmọ rẹ̀ láìfi ẹnu sọ ọ́, ó fi ojú tí kò ríran ṣa ìrẹsì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, èmi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí itan mi lè ṣófo. Èmi ni mo mú kí àgbàlagbà máa bẹ ọmọ tó bí. Kò sì sọ ọ̀rọ̀ ìrẹsì fún un. Ó bò mí láṣìírí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, àbúrò ọkọ mi nu ojú, ó dá fóònù padà fún mi, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n tó pè."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."