Ẹ̀jẹ̀ Ìṣápá Lórí Pápá Ìsólò-Òpin

Ìṣápá pupa ni mo fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n kankan, màá sẹ́ ẹ, màá po oyin mọ́ ọn kó lè ki, lẹ́yìn náà màá bu èédú tí mo ti lọ̀ kúnná díẹ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ́n jù kì í jọ ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Màá rọ ọ́ sínú ọ̀rá kékeré, màá so ẹnu rẹ̀, màá sì fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ òṣèré. Àpò ẹ̀jẹ̀ là ń pè é. Bí ọ̀bẹ rọ́bà bá ti kàn án, òṣèré á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá á bẹ́, aṣọ á sì rin.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ráfíátù ní Ìlọrin ni mo ti kọ́ṣẹ́. Obìnrin tó ń kírun déédéé ni, kì í pariwo, gbogbo olórí ẹgbẹ́ òṣèré tó fẹ́ kun ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń wá a wá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fà lé mi lọ́wọ́, mo fi oyin púpọ̀ jù sí i. Òṣèré tó kú sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹsẹ̀, nítorí àwọn èèrà ti gbọ́ òórùn oyin. Ó fara dà á, ó fara dà á, nígbà tó yá òkú dìde, ó ń bọ́ ṣòkòtò. Àǹtí Ráfíátù kò bá mi wí. Ohun tó sọ kò ju pé, “Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti dùn jù. Dín in kù.”

Ọmọ ìjọ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ ní Ìlọ́fà, ẹgbẹ́ akọrin ló sì tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo sọ fún pásítọ̀ wa pé iṣẹ́ kíkun ojú òṣèré ni mo fẹ́ ṣe, kò dá mi lẹ́kun. Ó bi mí pé, “Ṣé ẹni tó bá ń fi ìṣápá ṣe ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní gbàgbé bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ṣe níyì tó?” Mo ní mi ò ní gbàgbé. Títí di òní mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ náà, nítorí òun ló fi bọ́ mi, òun ló fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé.

Nínú gbogbo fíìmù tí mo bá wọn ṣe, ọ̀kan wà tí ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀rín Jáńgílọ́fà ni wọ́n pè é. Jáńgílọ́fà ni ìjókòó onírin tí wọ́n so mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan, tí àwọn ọkùnrin máa ń fi ọwọ́ yí, tí àwọn ọmọdé sì máa ń gùn nígbà ọdún. Nínú fíìmù náà, ẹgbẹ́ kan ń ru jáńgílọ́fà láti ìlú dé ìlú, àwọn pẹ̀lú onídán àti ọkùnrin kan tó ń gbé iná mì. Ọ̀kan nínú wọn a máa fi ìbòjú kan bojú, ìbòjú tí eyín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ibikíbi tí wọ́n bá sì pàgọ́ sí, ó gbọ́dọ̀ pa ènìyàn kan níbẹ̀ kí wọ́n tó ká àgọ́.

Pápá kan ní Ìsólò-Òpin ni a ti ya ibi tó gbóná jù nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ni olùdarí fíìmù fi ṣe èrò ìwòran, àwọn ìyá ìjọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sá.

Ó ní, “Bí ẹ bá ti gbọ́ igbe ọmọbìnrin, ọ̀nà títì ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ má wẹ̀yìn.”

Wọ́n dán an wò, wọ́n sì sá dáadáa. Kódà àwọn ìyá ìjọ sá ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n mọ̀ pé àwọn òṣèré yóò ṣe bí ẹni pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan, ṣùgbọ́n olùdarí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó jẹ́, nítorí ó fẹ́ kí ìbẹ̀rù hàn lójú wọn. Ẹ̀bùn ni ọmọ náà, ọmọ Ìsólò-Òpin gan-an, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, wà láàárín èrò. Ohun tí Yèyé mọ̀ kò ju pé ọmọ òun yóò gun jáńgílọ́fà, yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Jáńgílọ́fà ń yí. Apànìyàn yọ lẹ́yìn àgọ́ onídán, ó fa Ẹ̀bùn sọ̀kalẹ̀, ọ̀bẹ rọ́bà kàn án, àpò ẹ̀jẹ̀ bẹ́, Ẹ̀bùn sì ké. Èrò fọ́n ká, wọ́n dorí kọ ọ̀nà títì gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró. Yèyé ti mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó yí padà, ó sì ń sáré bọ̀ tààrà síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

Àwọn obìnrin ìlú yẹn kì í jẹ́ kí ìyá kan dá nìkan sáré lọ síbi igbe ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí padà, gbogbo wọn ní láti yí padà. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń sáré bọ̀ bí omi tó ya odò, oníkálukú ń tú ìborùn rẹ̀ lọ́rùn, nítorí ìborùn ni wọ́n fi ń bo ẹni tó fara gbọgbẹ́ kí ojú má baà pọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Díákónì, bọ́ bàtà rẹ̀, ó dojú kọ apànìyàn.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe apànìyàn ń bẹ̀bẹ̀ nínú ìbòjú. “Màmá, eré ni. Ẹ jọ̀ọ́, eré ni.”

“Ọmọ ta lo fi ń ṣeré?” Ìyá Díákónì bi í, kò sì dẹwọ́ bàtà.

Yèyé ti kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ojú ọgbẹ́, ó ń pe Olúwa. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Láìpẹ́ gbogbo pápá ti ń rẹ́rìn-ín, olùdarí fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di inú mú. Ẹ̀bùn sì di ojú rẹ̀, kò dìde, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé kí a dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Yèyé gbé ọwọ́ kúrò. Ó wò ó, ó gbé e sí imú.

“Ìṣápá ni,” ló sọ. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á ní, “Yèyé, ẹ gbà wá o, apànìyàn ń bọ̀.” Ìyẹn kò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ òun rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́ òun, nígbà tí òun rò pé ó ń kú lọ. Ẹ̀bùn ní òun kò rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn kan náà ni Yèyé máa ń fún un: “Ọwọ́ mi ló wà lára rẹ. Mo mọ bí ẹ̀rín ṣe ń gbọn ara.”

Ẹ̀bùn kò ṣe eré mọ́. Ó lọ sí Ìlọrin, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lọ́kọ síbẹ̀. Ó ń wálé ní gbogbo ọdún Kérésì, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń gbàdúrà pọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá jókòó tì wọ́n, o óò mọ̀ pé nǹkan kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń yẹra fún. Kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣèdájọ́, nítorí fíìmù náà kò rìn. Ẹni tó yẹ kó tà á kógbá sílé kó tó dé ọ̀pọ̀ ibi. Èmi tí mo ṣe ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò fojú kàn án. Mo tilẹ̀ gbà pé wọ́n ti gé ibi tí àwọn ìyá ti yí padà kúrò.

Àfi bí Ẹ̀bùn ṣe pè mí lórí fóònù lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin kan ní Ẹ̀rúkù, tí bàbá rẹ̀ máa ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù láyé ìgbà kan, rí àwo Ẹ̀rín Jáńgílọ́fà nínú ẹrù bàbá náà, ó sì dà á sórí fíláàṣì fún Ẹ̀bùn.

“O ti wò ó?” mo bi í.

“Rárá, Àǹtí. Mo fẹ́ kí Yèyé jókòó tì mí wò ó.”

“Ẹ̀bùn, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rín lo rín ńkọ́?”

“Ó ti pẹ́, Àǹtí. Èmi náà ò lè búra mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín, màá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n bí ọkùnrin.”

Èmi àti Ẹ̀bùn pàdé nílé Yèyé ní Ìsólò-Òpin lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Yèyé ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran, ẹnu rẹ̀ sì mú síbẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ fíìmù, ó kọjú sí ògiri.

“Ta ló fẹ́ wò ó, ìwọ tàbí òun?”

“Èmi ni, Yèyé. Mo fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.” Òtítọ́ ni mo sọ. Gbogbo ọ̀nà láti Ìlọ́fà ni mo ti ń rò ó pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe rí.

“Wò ó nígbà náà. Mi ò kúkú lè lé àlejò jáde.”

A ti fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán náà ti ṣá, ohùn rẹ̀ sì ń sá sẹ́yìn ẹnu àwọn òṣèré, ṣùgbọ́n fíìmù náà dára ju bí mo ṣe rò lọ. Onídán inú rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Ìbòjú náà bà mí lẹ́rù, èmi tí mo kùn ún. Nígbà tí pápá Ìsólò-Òpin yọ, Yèyé dá ìjókòó rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Wọn kò gé e. Ẹ̀bùn ké, èrò sá, ìyá kan sì yí padà. Ẹni tó tò ó pa pọ̀ ti yọ gbogbo ẹ̀rín tí a rín kúrò, ó fi orin jẹ́jẹ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí náà bí àwọn ìyá ṣe ń tú ìborùn bọ̀ wá, kò sí ohun ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà kámẹ́rà sún mọ́ ojú Ẹ̀bùn. Ojú rẹ̀ dì. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti igun ojú rẹ̀, omi ń ṣàn wá sílẹ̀, ó ń la àtíkè pàǹkéèkì tí mo fi pa á lójú kọjá, ó ń wọ etí rẹ̀ lọ.

Yèyé na ìka sí tẹlifíṣọ̀n.

“Ìwọ tó kùn ún lójú yìí,” èmi ló ń bá wí, “àlùbọ́sà lo fi sí i lójú, àbí kí ni?”

“Yèyé, níwájú Ọlọ́run tí mò ń sìn, mi ò fi nǹkan kan sí i lójú. Òkú ni wọ́n ní kí n kùn. Òkú kì í sunkún.”

Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ti kúnlẹ̀ láìmọ̀.

“Kí ló wá dé tí o fi ń sunkún?”

“Ẹ ń pe Olúwa lé mi lórí, Màámi, wọ́n sì ń fi yín rẹ́rìn-ín. Wọn ò sì tíì ní kí n dìde.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Mo sọ.”

“O ò sọ ọ́ dáadáa.”

Ó di ọrùn ọwọ́ Ẹ̀bùn mú, kò sì fi í sílẹ̀. Mo na ọwọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n jẹ́ kó máa lọ, òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n padà mú apànìyàn náà.