Wọ́ọ̀dù Tó Ṣófo Lọ́sẹ̀ Ọdún Onam

Imú rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ohùn, kì í ṣe ọwọ́. Imú.

Sístà Thankamani á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ìbílẹ̀ Ayurveda wa lẹ́bàá odò Nila, á gba abọ́ oúnjẹ tí ọmọ aláìsàn gbé wá láti ilé. Abọ́ mẹ́rin tó gun ara wọn lórí. Á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì: kọjá. Ẹ̀fọ́: kọjá. Ẹja díndín lábẹ́ ẹ̀fọ́: padà sílé. Ẹni tí wọ́n ń fi òróró gbígbóná ra lára láràárọ̀, tó ń mu àgbo nídàájí, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹja. Kò gbọdọ̀ lá wàrà kíkan. Kò gbọdọ̀ sùn lọ́sàn-án. Gbogbo dókítà ló ń sọ ọ́. Thankamani nìkan ló ń rí i pé ó ṣẹ.

"Ìyá, òórùn kí ni mò ń gbọ́ lọ́wọ́ yín yìí?"

"Òróró tí wọ́n fi ra mí lára ni, Sístà."

"Òróró wo ló ń rùn bíi sàdíìnì?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù á bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá Ìkòkò ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀. Orúkọ náà tilẹ̀ dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Ọmọ atukọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló ń gbé èèyàn kọjá odò kí wọ́n tó ṣe afárá. Afárá dé, iṣẹ́ bọ́. Ẹ̀yìn tó ti fi tukọ̀ láti kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, títí wọ́n fi gbé bàbá wá sí ilé ìwòsàn wa lórí pákó. Thankamani ló tẹ̀ lé e wá tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ni nígbà náà, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ ibùsùn bàbá, ibẹ̀ ló ń sùn. Bàbá rìn padà sílé. Ọmọ kò fẹ́ lọ. Olórí nọ́ọ̀sì ìgbà náà wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí o padà wá. Ọwọ́ rẹ kì í kánjú." Ó lọ. Ó padà wá. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀ wà ní Sharjah, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Bengaluru, nídìí kọ̀ǹpútà. Ilé rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́ọ̀dù ló ń pariwo fún un.

Lọ́dọọdún, bí ọdún Onam, ọdún ìkórè wa, bá ti ń sún mọ́lé, wọ́ọ̀dù yẹn kì í gbọ́ràn mọ́. Ta ló fẹ́ sùn sí ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ń to òdòdó sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé? Ta ló fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun dá se oúnjẹ ọdún, kó wá bà á jẹ́? Thankamani á kọ́kọ́ pariwo. Lẹ́yìn náà, á yan àwọn tí ìtọ́jú wọn lè dúró díẹ̀, á ka òfin sí wọn létí, á ní, "Màá máa pè yín lórí fóònù o. Mi ò ní sọ ọjọ́ tí màá pè." Á tú wọn sílẹ̀. Àwọn tí ìtọ́jú wọn wà láàárín gbùngbùn á dúró, bí wọ́n tilẹ̀ ń sunkún.

Ọ̀gá àgbà wa, Dókítà Rugmini, ló máa ń fọwọ́ sí i. Lọ́dún yìí, ọ̀gá àgbà wà ní ìpàdé ní Thrissur. Àwọn obìnrin náà ti di ẹrù. Thankamani fọwọ́ ara rẹ̀ sí i.

Òfin kan sì wà. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tiwa lè rán èèyàn wá nígbàkígbà, láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á wo ọgbà ewé, wọ́n á béèrè bí a ṣe ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń wò jù. Bí ibùsùn tó ní èèyàn kò bá ju ìdajì lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dún náà. Òfin tó dára ni. Thankamani fúnra rẹ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ dókítà tí kò rí aláìsàn rí? Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni tiwa. Ọdún kan láìsí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, owó oṣù tán. Ilé ìwòsàn á tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ Onam. Òwúrọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Vasavan, máníjà wa, sáré wọ wọ́ọ̀dù, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n ti dé!"

"Àwọn wo?"

"Wolé-wolé! Láti Delhi! Ọkọ̀ ojú irin ló dá mọ́tò wọn dúró níbi géètì rélùwéè. Aṣọ́nà ló pè mí." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Aṣọ ibùsùn funfun, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, láti ògiri dé ògiri. Obìnrin mẹ́rin péré ló dùbúlẹ̀ ní igun kan, tí wọ́n ń wò ó. "Sístà. Àwọn aláìsàn dà?"

"Wọ́n ti lọ ṣọdún."

"Ta ló ní kí wọ́n lọ?"

"Èmi ni."

Vasavan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ ti pa wá, Sístà. Ẹ ti pa gbogbo wa pátápátá."

Thankamani ń ro àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Vasavan kò jókòó pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Shylaja wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó kọjú sí géètì wa. Kí Thankamani tó mí, ó ti kó Shylaja àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn gbogbo wọn.

"Ọ̀gá Vasavan, bùláùsì ọdún àwọn èèyàn wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ o!"

"Ẹ sáà dùbúlẹ̀ ná. Ṣebí ìsinmi ni mo fún yín."

"Àìsàn wo ni kí n ní?" Shylaja ti wà lórí ibùsùn.

"Sístà máa sọ fún yín."

Thankamani la ẹnu. Bó ṣe máa ń béèrè láràárọ̀ ló ṣe béèrè. "Kí ló ń dùn ọ́?"

"Ọkọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn aláìsàn gidi mẹ́rin náà fi dara pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ń béèrè bóyá wọ́n máa fún àwọn ní oúnjẹ. Òmíràn gun ibùsùn tòun ti bàtà. Èyí tó kéré jù fa aṣọ dé àgbọ̀n, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Sístà, tí wọ́n bá bi mí pé ṣé ìtọ́jú ibí dára, kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé ó dára," Vasavan wí.

Thankamani wo ọmọ náà. Orí ìrọ̀rí Kunjulakshmi ló gbé orí lé. Kunjulakshmi tí wọ́n gbé wọlé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Kunjulakshmi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lánàá, tó ń bá onímáruwá dúnàá-dúrà.

"Ẹ dìde."

"Sístà!"

"Ẹ dìde, gbogbo yín. Ẹ lọ rán aṣọ yín. Ìwọ, gbé bàtà yẹn kúrò lórí ibùsùn mi kí n tó fi gbá ọ létí."

"Ṣé orí yín pé báyìí?" Vasavan figbe ta. "Wọ́n á tì wá pa! Iṣẹ́ gbogbo wa ló wà ńbẹ̀ yẹn o!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ máa sọ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Àwọn aránṣọ gba ọ̀nà ilé ìdáná jáde, wọ́n ń kùn. Thankamani tún tẹ́ àwọn ibùsùn tí wọ́n dà rú. Ní ìta, ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè, ó kọjá.

Èèyàn méjì ni wọ́n. Dókítà Shekhawat, bàbá arúgbó kan láti Rajasthan tó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Dókítà Kothai, obìnrin láti Coimbatore, lẹ́yìn òkè, tó gbọ́ èdè wa yékéyéké. Wọ́n gbé omi mímu ara wọn dání, torí òfin ò gbà kí wọ́n mu tíì wa pàápàá. Dókítà Rugmini, tó ti Thrissur dé lóru àná, tẹ̀ lé wọn wọlé. Ó rí wọ́ọ̀dù. Ó yíjú wo Thankamani.

"Ibí ṣófo," Dókítà Shekhawat wí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Ó ṣófo, sà," Thankamani dáhùn. "Wọ́n lọ ṣọdún. Èmi ni mo tú wọn sílẹ̀. Ọ̀gá wa ò mọ̀ sí i."

Dókítà Kothai mí kanlẹ̀. "Sístà, gbogbo ibi tí a dé ló ní ìtàn tiwọn."

"Ìwé gbogbo wọn wà níbí, mà."

"Ìwé! Ṣé ìwé ló wọ́n ni?" Ó rìn lọ sáàárín wọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ lé ibùsùn kan. "Ta ló ń sùn síbí?"

"Kunjulakshmi. Orúnkún."

"Ṣé ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni mo ní, mà. Mo máa ń pè wọ́n."

"Ẹ fún mi ní fóònù yín. Ẹ má sọ nǹkan kan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Fóònù kò tíì dún tán tí wọ́n fi gbé e. Òróró ń ta ṣàà lẹ́yìn.

"Sístà! Mi ò tíì jẹ nǹkan kan o! Ìpékeré ni mò ń dín fáwọn ọmọ, mi ò fẹnu kàn án. Ẹyọ kan péré. Méjì. Kí n lè mọ̀ bóyá iyọ̀ ẹ̀ tó ni."

Dókítà Kothai dákẹ́.

"Ìyàwó ọmọ mi ló pè yín, àbí? Mo mọ̀! Ẹnu ọmọ yẹn, bíi rédíò! Sístà, ẹ má dákẹ́ báyẹn, àyà mi ń já. Ó dáa. Wàrà kíkan náà. Ṣíbí kan. Ṣíbí náà ò tiẹ̀ tóbi."

"Orúnkún ńkọ́?" Dókítà Kothai béèrè.

"Ta nìyẹn? Ohùn Sístà kọ́ nìyí."

"Dókítà ni mí, Ìyá."

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Orúnkún ti dáa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ to òdòdó láàárọ̀ yìí, mo dá dìde, ẹnikẹ́ni ò fà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti wàrà yẹn fún Sístà."

Ibùsùn kejì. Ọkùnrin kan ló gbé fóònù. "Sístà, ẹ kú ọdún! Ìyàwó mi ò sí nílé, ó ti lọ sí tẹ́ńpìlì." Ohùn obìnrin kan lẹ́yìn: "Ta ni?" Ọkùnrin náà fọwọ́ bo fóònù, kò bò ó dáadáa: "Sístà ni! Gbé abọ́ ẹja yẹn pamọ́!"

Ibùsùn kẹta, lẹ́bàá fèrèsé. Fóònù dún pẹ́ kí obìnrin kan tó gbé e. Oorun ṣì wà lọ́fun rẹ̀, ó nípọn bí ògì. "Rárá o, Sístà. Mi ò sùn. Mo kàn di ojú ni. Mò ń bọ̀ tí ọdún bá parí, ẹ má fún ẹlòmíràn ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi o, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà Shekhawat kò gbọ́ èdè wa, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń wo alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi etí aṣọ nu omijé ẹ̀rín.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń jẹ́wọ́, sà."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo?"

"Wàrà kíkan. Ẹja. Oorun ọ̀sán."

Bàbá arúgbó náà wo Thankamani láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti ṣe olórí ilé ìwòsàn rí, ó hàn lójú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín ń bọ̀.

"Aláìsàn tí wọ́n yá lò kì í bẹ̀rù nọ́ọ̀sì," ó wí. Ó yíjú sí Dókítà Rugmini. "Ní ti ibùsùn, ìbéèrè mi ti tán. Ohun tí a gbọ́ yìí la máa kọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọgbà ewé."

Wọ́n jáde. Dókítà Rugmini dúró díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Obìnrin tí kì í fọwọ́ kan èèyàn. Ó di ọwọ́ Thankamani mú, ó fún un pinpin, ó tú u sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé wọn.

Vasavan yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó sá sí.

"Ká ní wọ́n bá àwọn Shylaja lórí ibùsùn yẹn ni..."

"Ẹ lọ wọ bàtà, Ọ̀gá Vasavan. Wọ́n ń lọ sí ọgbà, wọ́n á máa wá yín."

Bí Thankamani ṣe ṣe ìyókù ọjọ́ náà, kò mọ̀. Ó bu kánjì, ìrẹsì olómi, fún àwọn obìnrin mẹ́rin náà. Ó ka oògùn fún nọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó rí àyè ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, atẹ́gùn odò ń fẹ́ sí i lójú, oòrùn ti ń rọ̀.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ ló jí i.

"Sístà. Sístà! Ibi tí mọ́tò ń dé nìyí o. Ilé yín ti kù sẹ́yìn tipẹ́."

"O ò lè jí mi?"

"Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ń hanrun."

"Irọ́!"

"Ẹ bi àwọn tó sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì náà. Ìsọ̀ tíì kan, àga gbọọrọ kan, ìyá kan tó ń ta òdòdó tó kù nínú apẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń padà kò ní tètè lọ. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì.

"Kí ṣúgà pọ̀ níbẹ̀," ó wí. "Kó pọ̀ dáadáa."