Erékùṣù Tí Wọ́n Ti Dá Ìyá Mi Lóhùn

Ẹ fún mi létí díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí mo gbé ìyá mi lọ sí erékùṣù kan. Ìsinmi la bá lọ o, ẹkún la gbé bọ̀!

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni Mummy ti wà lọ́dọ̀ mi ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé nínú lift ni wọ́n ń kí, tí wọ́n ń béèrè ọmọ àti ìyàwó. Ta ló dáhùn? Àwọn kan á tẹjú mọ́ fóònù, àwọn kan á sún sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, Mummy ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó yá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bá èmi náà sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, tí èmi á lọ máa wẹ ìyá oníyàá ní care home, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Ẹ ò rí ayé mi?

Ni mo bá gba leave. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe erékùṣù náà fún mi. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbéni débẹ̀, àgùntàn sì pọ̀ ju èèyàn lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ayé ń rọra lọ níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó ń sáré. Bàbá kan tó ń wa katakata rí Mummy, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn, ó béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Obìnrin tó ń ta tíì bá wọn jókòó títí tíì fi tutù. Gẹ̀ẹ́sì Mummy ò tó nǹkan, àwọn ará ibẹ̀ ò tiẹ̀ bìkítà. Mummy wá ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n ń sọ bí bàbá wa ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́, ìtàn tí n kò gbọ́ rí.

Nígbà tí ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà dé, Mummy ò dìde. Wọ́n ní kí n máa lọ, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti tún di èèyàn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ títí. Níkẹyìn, ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi fa ìyá mi wọnú ọkọ̀.

Bá a ṣe padà dé ìlú, a wọ bọ́ọ̀sì ní Woolwich. Mummy kí dírẹ́bà, kò wojú wọn. Wọ́n kí ọmọbìnrin tó jókòó tì wọ́n, ìyẹn kọjú sí fèrèsé. Ó tán. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, orí ni wọ́n ń mì sí mi. Ìyá tó kọ́ mi ní ìkíni!

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Mo mú ìyá mi wá sílùú òtútù, mo wá bọ́ aṣọ lára wọn. Èmi nìkan ò lè di àdúgbò, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́.

Ẹ̀yin tí ìyá yín wà lọ́dọ̀ yín nílùú yìí, ṣé tiyín ṣì ń sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí n rí i kà. Bí ẹ bá sì rí ìyá arúgbó kan tó wé gèlè búlúù nínú bọ́ọ̀sì Thamesmead, ẹ bá mi kí wọn.