Obìnrin Tó Ti Ilẹ̀kùn Láti Ìta

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn aṣọ tuntun tí wọ́n wọ́n omi sí kí wọ́n tó gbé irin eléèédú lé e, àtẹlíè ọ̀gá mi ní àdúgbò Tokpota ni ọkàn mi ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi, o mọ irú àtẹlíè ìránṣọ bẹ́ẹ̀: páànù gbígbóná lókè, dígí kan tó ti sán létí, àwa ọmọ iṣẹ́ lórí àpótí, à ń fọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé tó gùn jù láyé mi, mi ò sì dá a kà.

Rédíò ló fà á. Ó bàjẹ́, ọ̀gá mi ò sì lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní tí ibi bá pa rọ́rọ́, abẹ́rẹ́ máa ń gún òun. Oníbàárà wa kan, olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ni ní Faransé, wá ń yá mi ní ìwé kan, apá kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìtàn ọmọ olùṣọ́ àgùntàn kan ni. Ìlú rẹ̀ wà nínú òkè, ọba òtútù sì lé gbogbo wọn jáde, ó fi idán ti ilẹ̀kùn òkè náà pa. Ọmọbìnrin yìí ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ kiri ayé, ó ń wá bí ilẹ̀kùn náà ṣe máa ṣí. Ojú mi ń ka Faransé, Nàgó ló ń jáde lẹ́nu mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń bá mi rán bọ́tìnnì tèmi. Ká tó mọ̀, a ti ka apá mẹ́fà. Ọ̀gá tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró gbọnin lórí ẹ̀rọ nítorí ẹṣin kan tó fẹ́ já sínú ọ̀gbun.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti pé. Ìyá mi tó ń gbé ní Dowa ń bi mí ṣáá pé ìgbà wo lòun máa jó ijó òmìnira mi. Mo ti rí yàrá kékeré kan lójú títì ní Houinmè tí mo fẹ́ fi ṣe àtẹlíè tèmi, onílé sì ti kìlọ̀ pé òun ò ní fi dúró dè mí títí. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ọ̀gá, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ká parí ìwé ná. Ó ní tí mo bá lọ, ta ló máa kà á fún òun? Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Kò ṣeré o. Apá keje, èyí tó gbẹ̀yìn, kò sì tíì jáde. Mo ń retí rẹ̀ bí aboyún tó ti kọjá oṣù rẹ̀.

Olùkọ́bìnrin náà gbé e dé láti Kùtọnù. Wàyí o, bí òpin ṣe ń sún mọ́lé ni ohùn mi ń lọ́ra. Mo fẹ́ kó parí kí n lè lọ, mo sì ń sunkún pé ó ń parí. Ṣé o ti rí irú wèrè bẹ́ẹ̀ rí? Ọmọbìnrin náà ṣẹ́gun ọba òtútù, ilẹ̀kùn òkè ṣí, àtẹlíè hó yèè. Àwọn èèyàn rẹ̀ wọlé tarúgbó tọmọdé. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn náà padà kí òtútù má bàa tẹ̀ lé wọn, ẹni tó ṣí i nìkan ló lè tì í, ìta ló sì ti máa tì í. Ó tì í. Ó kẹ̀yìn sí òkè, ó gba ọ̀nà òkun lọ. Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n ṣí ewé sí i. Kò sí ewé mọ́. Ó bèèrè pé ìtẹ́ ńkọ́, ọkọ ńkọ́, jagunjagun tó ti ń bá a rìn láti apá kejì ńkọ́? Ó ní òǹkọ̀wé yẹn ò lójú àánú rárá. Ló bá ká ọwọ́ rẹ̀ sáyà.

“Ìwé yìí ò tíì parí. A máa dúró de èyí tó kù.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ká sòótọ́, inú ń bí èmi náà sí òpin yẹn. Ó wù mí kí ẹnì kan ṣáà bá a rìn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní láti gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti parí. Láti apá kìíní ló ti ń ru ẹrù ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ti délé. Ẹnikẹ́ni ò tì í síta, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tó kù, tiẹ̀ ni.”

Ọ̀gá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé ẹ̀rù ò bà á ni?”

“Ó ń bà á, Ọ̀gá. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ náà.”

Ó mí kanlẹ̀, ó sì rán èyí tó dàgbà jù nínú wa lọ sí Dowa pé kí ìyá mi mú ọjọ́.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, wọ́n da pọ́ńdà lé mi lórí títí mo fi funfun báláú. Ìyá mi ń jó níwájú, àwọn onízẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà wa, ń fọn fèrè, Tokpota gbọ́ wa. Ọ̀gá mi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé mo ń sunkún.

Àwọn tó ka ìwé náà ṣì ń sọ pé òpin rẹ̀ ò dáa. Mi ò lè bá wọn jà tán, ó ṣì ń dùn mí pé ó dá nìkan lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé òmìnira mi, mo ṣí yàrá mi ní Houinmè. Kò sí ọ̀gá, kò sí ẹlẹgbẹ́, kò tíì sí oníbàárà kankan. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n tèmi ni ibẹ̀. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì bú sẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi yọjú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni obìnrin yẹn ń rín nígbà tó kẹ̀yìn sí òkè. Òǹkọ̀wé kàn ò kọ ọ́ ni.